Morónkẹ́ Àpòmù àti Àwọn Tí Kò Dìde

Àpòmù ni wọ́n bí Àǹtí Morónkẹ́ sí. Ìyá rẹ̀ ń ta obì lọ́jà Àpòmù títí dòní. Ìjọ Kérúbù ni wọ́n ń lọ. Ó kàwé ní Ifẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá sí Èkó, òun padà wálé. Àwọn èèyàn ní kò rí iṣẹ́ ni. Ó níṣẹ́. Wọn ò kàn mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́ ni.

Èmi ni mo máa ń fi ọ̀kadà gbé e láràárọ̀ láti Àpòmù wá sí Ìkirè. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú títì nítorí iná, torí pé onílé ibẹ̀ ti gbé sólà sórí òrùlé. Á jókòó, á ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Kì í ta ọjà. Kì í ránṣọ. Kì í dirun. Ohun tó ń jẹ àwọn ará àdúgbò lọ́kàn nìyẹn.

Bọ́sẹ̀ tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Dókítà Aláìlábẹ́rẹ́.

"Dókítà Aláìlábẹ́rẹ́, ẹ káàárọ̀ o. Ta lẹ fẹ́ wò sàn lónìí?"

"Ìwé ni," Àǹtí á fèsì. "Ìwé kan wà níbí tí ara rẹ̀ ò yá rárá."

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí, bó ṣe yé èmi tí mi ò kàwé. Bí àwọn dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn kan ń ṣiṣẹ́, wọ́n á dán an wò lára èèyàn, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí. Àwọn míì ní ìlú míì á tún dán an wò. Wọ́n lè rí nǹkan míì. Ìwé á wá pọ̀ bí ewé. Ọ̀kan á ní ó ṣiṣẹ́, ọ̀kan á ní irọ́ ni. Àwọn Àǹtí Morónkẹ́ ló máa ń kó gbogbo rẹ̀ jọ. Wọ́n pọ̀, wọ́n wà káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fojú kan ara wọn rí. Ẹni méjì á ka ìwé kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kálukú á sọ ibi tó ti dáa àti ibi tó ti ń jò. Bí ọ̀rọ̀ wọn ò bá dọ́gba, ẹlòmíì á dá sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó sọ ohun tí gbogbo ìwé yẹn pa pọ̀ ń wí.

Mo bi í nígbà kan lórí ọ̀kadà pé ta ló rán an níṣẹ́ yìí.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa rẹ́ èèyàn jẹ ni," ó wí. "Kò sẹ́ni tó rọrùn-ún rẹ́ jẹ bí aláìsàn. Ohun tó o bá gbé fún un, á gbé e mì."

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ò tíì kú.

Raheemat lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló tọ́ mi. Bàbá wa ti kú, Màámi sì wà nídìí dòdò látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá ń gba Ìkirè kọjá á ti rí Màámi rí, lójú títì níbi táwọn ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń dẹsẹ̀ dúró. Raheemat ló ń wẹ̀ mí. Òun ló ń nà mí. Nígbà tí mo fi girama sílẹ̀ láìparí, ó nà mí, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ kejì ni ẹ̀jẹ̀ ríru mú un. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró ní ọsibítù, wọ́n ní kó máa lò ó lójoojúmọ́, kó má dá a dúró. Páálí oògùn náà wà lójú fèrèsé, gbogbo wa ń rí i. Lọ́jọ́ kan, ó ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, ó ní orí ń fọ́ òun. Ẹnu rẹ̀ wọ́. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a sin ín.

Mi ò fẹ́ kọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Màámi náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oníhóró kan náà ni wọ́n fún òun àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tá a ṣe fìdáù tán, tí àlejò lọ, ó padà sídìí iṣẹ́. Mo dúró tì í. Ó bọwọ́ bàpò, ó kó oníhóró tirẹ̀ jáde, ó dà á sínú iná lábẹ́ agbada.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Ohun tó pa ọmọ mi nìyẹn. Ṣé kó wá pa èmi náà ni?"

Ó mú ṣíbí, ó ń yí dòdò. Kò wo ojú mi.

Àgbo Alájà Sìlífátù ló wá gbájú mọ́. Inú ẹgbẹ́ àsálátù kan náà ni òun àti Alájà wà. Kí n sọ òótọ́: Alájà kì í ṣe oníjìbìtì. Fúnra rẹ̀ ló ń já ewé rẹ̀ ní ọ̀nà Ìkirè-Ilé, òun náà ń mu ún, ẹni tí kò bá sì lówó á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, bí àdúrà àsálátù bá ti ń parí, Àáfà Gàrúbà á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọpẹ́, ẹ dìde." Àwọn kan á dìde nítorí ọmọ, àwọn kan nítorí ọjà. Ó pẹ́ tó ti di pé kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan ò ní dìde nítorí àgbo Alájà. Mo mu ún, orí mi ò fọ́ mọ́. Mo mu ún, oorun mi padà. Gbogbo mọ́sálásí á ní Alihamudulilahi. Màámi ń gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ara Màámi ò dá. Ojú ń ṣú u. Ó ń di ògiri mú kó tó dìde. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ó fi ẹ̀rọ so ó lápá, ó wo ẹ̀rọ náà, ó tún un so, ó pè mí jáde.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga jù. Ìyá rẹ ò gbọ́dọ̀ wà báyìí," ó wí.

Màámi ní ẹ̀rọ onítọ̀hún ti gbó.

Àwọn ọmọ Raheemat ti wà lọ́dọ̀ bàbá wọn, Màámi nìkan ló kù fún mi nílé. Mo pinnu. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá oníhóró yẹn ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ òun ló pa Raheemat, kí Màámi máa mu àgbo rẹ̀ lọ. Bí kò bá jẹ́ òun, màá dá a padà sídìí rẹ̀, ì báà dìjà.

Mo bi Àǹtí Morónkẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bá a ṣe ń jáde ní Àpòmù.

"Àǹtí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Ó mọ̀ nípa Raheemat, ó wá kí wa.

"Kí lorúkọ oògùn náà?"

Mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè pè é.

"Fún mi láyè kí n wò ó."

"Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń kàwé, ẹ ò mọ̀?"

"Mo mọ ohun tí mo rò. Ohun tí mo rò kọ́ lo bèèrè."

Inú bí mi. Mo gba inú kòtò kan tó yẹ kí n yà fún. Àwa méjèèjì ta sókè.

Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bọ́sẹ̀ rí mi, ó pariwo sínú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí pé aláìsàn àkọ́kọ́ ti dé.

"Ó ń ṣiṣẹ́," Àǹtí wí. Kò ní kí n jókòó pàápàá. "Ó ń dín rọpárọsẹ̀ kù. Ìdánwò pọ̀ lórí rẹ̀, ó ti pẹ́, ó sì kárí ìlú. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí méjì bí ẹni ṣẹ́ kèké. Apá kan gba oògùn. Apá kejì gba oníhóró tó jọ ọ́, tí kò ní nǹkan kan nínú. Aláìsàn ò mọ èyí tí òun ń lò. Wọ́n wá ń ṣọ́ wọn. Nínú apá tó gba oògùn, àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú kéré sí ti apá kejì."

"Kí ni wọ́n ń ṣẹ́ kèké fún? Ṣé dókítà ò lójú tó máa fi yàn ni?"

"Bó o bá ní ọ̀kadà méjì, tí wọ́n gbé ọ́ìlì tuntun fún ẹ pé kó o dán an wò, èwo lo máa bù ú sí?"

"Èyí tó dáa."

"Kí ló dé?"

"Ta ló máa da ọ́ìlì tuntun sínú ẹ́ńjìnnì tó ti ń kú lọ?"

"Ó dáa. Tí ọ̀kadà yẹn bá wá pẹ́, ṣé ọ́ìlì ló jẹ́ kó pẹ́ ni, àbí ó ti dáa tẹ́lẹ̀?"

Ó yé mi. Bí dókítà bá ń yàn, àwọn tó ṣì lágbára ni á máa bu oògùn tuntun fún.

"Ẹ ní ó dín in kù," mo wí. "Ẹ ò ní ó mú un kúrò."

"Kò mú un kúrò. Àwọn kan lò ó dáadáa, rọpárọsẹ̀ ṣì mú wọn."

"Raheemat ńkọ́? Ṣé ó pa á ni, àbí kò ràn án ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Báwo lẹ ò ṣe ní mọ̀?"

"Nasrullah, ọ̀rọ̀ èrò rẹpẹtẹ ni ìwádìí ń sọ. Kò lè mú ẹnì kan nínú wọn kó ní, báyìí ni ti lágbájá ṣe jẹ́. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, ṣọ́ra fún un."

Mo jáde. Mi ò lọ gbé e mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ní kó wá ọlọ́kadà míì.

Ṣùgbọ́n mo jíṣẹ́ fún Màámi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti kèké, ti oníhóró tí kò ní nǹkan nínú. Màámi gbọ́ mi tán. Ó ń fọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ mọ́ ata nínú ọpọ́n, kò dáwọ́ dúró.

"Àwọn tó ń dìde ní àsálátù," ó wí, "ojú mi ni mo fi ń rí wọn. Mo mọ ilé wọn. Àwọn tí obìnrin aláṣọ funfun yẹn ń kà nínú ìwé, ta ló rí wọn?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni.

Mo padà lọ sí Àpòmù láàárọ̀. Àǹtí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

"Ta ló ń gbé yín láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹnì kan tó máa ń rí kòtò."

Ó gun ọ̀kadà. Mo sọ ohun tí Màámi wí fún un. Mo rò pé á bínú.

"Ìyá rẹ ò gọ̀," ó wí. "Ohun téèyàn fojú rí ló yẹ kó gbà gbọ́. Àwọn tí kò dìde ńkọ́?"

"Àwọn wo?"

"Bí Àáfà bá ní kí ẹni tó ní ọpẹ́ dìde, tí èmi mu àgbo tí kò ràn mí, kí ni màá ṣe?"

"Ẹ máa jókòó."

"Bí mo bá ti wà lórí ẹní ńkọ́, tí mi ò lè rìn? Bí mo bá ti kú?"

Mo dẹsẹ̀ ọ̀kadà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó wọ̀ mí lára. A ti ń ka àwọn tó dìde láti ọjọ́ yìí. Kò sẹ́ni tó bèèrè àwọn tó jókòó.

"Bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn," ó wí lẹ́yìn mi. "Ìwé tí oògùn bá ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n á sáré gbé e jáde. Èyí tí kò bá ti ṣiṣẹ́, ó lè sùn sínú dúrọ́ọ̀ títí ayé. Èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àwọn ìwé tí kò dìde kiri."

"Àgbo Alájà ńkọ́? Ẹ wò ó?"

"Mo wá a. Kò sẹ́ni tó dán an wò rí. Mi ò ní ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní kò ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Mo ní màá lọ bá Àáfà. Mo ní gbogbo wọn ló máa dìde lọ́jọ́ Àìkú yìí, ọlọ́pẹ́ àti aláìlọ́pẹ́. Àǹtí kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní ìyẹn ò lè fi hàn pé àgbo dáa tàbí kò dáa, torí kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kèké. Ó ní kí n má lọ gbé irọ́ kan kúrò kí n wá gbé òmíràn jókòó.

"Kì í ṣe bóyá àgbo dáa ni mò ń wá," mo wí. "Mo fẹ́ kí Màámi rí àwọn tí kò rí ni."

Ó rò ó. "Ìyẹn lè ṣeé ṣe," ó wí. "Má gbàgbé àwọn tí kò lè wá. Kí èèyàn wọn dìde fún wọn."

Àáfà Gàrúbà ti dàgbà. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń gé èékánná.

"Àsálátù kì í ṣe kóòtù, Nasrullah."

"Mo mọ̀, Àáfà."

"Ọpẹ́ la máa ń dá níbẹ̀. Ọmọ Kérúbù tó ò ń gbé kiri yẹn ló rán ẹ, àbí òun kọ́?"

"Èmi ni mo rán ara mi. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bèèrè. Mi ò fẹ́ kí ẹ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi."

Ó gé èékánná kan, ó tún gé òmíràn. "Èmi ni mo ń kírun sí òkú ìlú yìí lára," ó wí. "Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń dìde dúpẹ́ kí n tó wá kírun sí wọn lára. Mo ti ń rò ó." Ó gbójú sókè. "Lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ Alájà. Bí kò bá gbà, mi ò bèèrè nǹkan kan."

Alájà Sìlífátù ń fún ewé sínú ìkòkò nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ọlọ́kadà ti di dókítà," ó wí. "Ìlú yìí á gún o."

"Ẹ má bínú sí mi, Alájà."

"Kí ni màá bínú sí? Ṣé mo jí ewé ni? Jẹ́ kí wọ́n dìde. Gbogbo wọn ni kó dìde. Bí wọ́n bá dìde tán, kó o wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi."

Mo ní màá dọ̀bálẹ̀.

Èmi kì í sábà lọ sí àsálátù. Mo lọ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo jókòó sẹ́yìn lápá ọkùnrin. Àwọn ọlọ́pẹ́ dìde, wọ́n dúpẹ́, wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà ni Àáfà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Lónìí, màá bèèrè nǹkan míì. Alájà Sìlífátù ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó ti mu àgbo rẹ̀ rí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ì báà sàn, ì báà má sàn, kó dìde."

Wọ́n ń wo ara wọn. Ẹnì kan dìde. Wọ́n wá ń dìde, wọ́n ń dìde, títí apá obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde tán. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ìka síra wọn pé ìwọ náà ń mu ún. Màámi wà lórí ìdúró. Alájà wo ẹ̀yìn, ó wò mí, ó fi àgbọ̀n júwe ilẹ̀ fún mi pé kí n múra ìdọ̀bálẹ̀.

"Ẹni tó sàn fún, kó jókòó."

Àwọn kan jókòó kíá. Àwọn kan rò ó kí wọ́n tó jókòó. Màámi jókòó. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo mọ ògiri tó ń dì mú. Àwọn tó ṣẹ́ kù lórí ìdúró pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni rò lọ. Ẹ̀rín ti tán. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa wò.

"Ẹ ṣeun," Àáfà wí. "Ẹ jókòó. Ó ku ọ̀kan. Ẹni tó ní èèyàn tó mu ún, tí onítọ̀hún ò lè wá síbí lónìí, bóyá àìsàn ni, bóyá ó ti dọ́run, kó dìde fún un."

Soliat, ìyàwó bíríkìlà kan ládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ dìde.

"Ọkọ mi ni," ó wí. "Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà ààwẹ̀."

Ọkùnrin kan dìde fún ìyá rẹ̀. Àwọn míì dìde, wọn ò sọ tẹni tí wọ́n dìde fún. Lẹ́yìn náà ni Màámi tún dìde.

Mo rò pé ó fẹ́ yí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ padà ni.

"Ìyá Raheemat," Àáfà wí jẹ́jẹ́, "fún ta ni?"

"Fún Raheemat."

Mo nà sókè kí n lè rí i.

"Èmi ni mo gbé e fún un," Màámi wí. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Mo ní kò sí ohun téèyàn ń lò títí ayé. Mo ní kó fi oníhóró sílẹ̀. Ó ní ṣé ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú. Páálí tó wà lójú fèrèsé yẹn, kò mú nínú rẹ̀ mọ́."

Alájà Sìlífátù dìde níbi tó wà. "Ìyá Raheemat, mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀. Ta ni mo máa sọ fún?"

Alájà fi ìborùn bojú, ó jókòó. Àáfà bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mi ò dúró gbọ́ àmín.

Àpòmù ni mo gbé ọ̀kadà gbà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ìjọ wọn. Àǹtí Morónkẹ́ wọ aṣọ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ láìwọ bàtà. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un níbẹ̀, láàárín èrò.

"Àgbo ló pa á," mo wí.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ọwọ́ mi gbéra. Mo dá a padà.

"Ìyá mi sọ ọ́ lójú gbogbo ayé."

"Ohun tó sọ ni pé Raheemat ò lo oníhóró mọ́. Ká ní ó lò ó, ó lè wà láàyè. Ó sì lè má wà. Nígbà tó o ní oníhóró ló pa á, mo ní mi ò mọ̀. O wá ní àgbo ni báyìí. Mi ò mọ̀. Mi ò ní í sọ nǹkan méjì nítorí pé inú ń bí ẹ."

"Ṣé kí n wá lọ sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan ni?"

"Irọ́ nìyẹn náà. Ohun tá a mọ̀ ni kó o sọ. Ibi tá a ò mọ̀, sọ pé a ò mọ̀."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí n máa lọ, kí n má fi Màámi sílẹ̀ lóun nìkan.

Mo bá Màámi nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò dáná. Ó jókòó ti agbada tútù.

"O ti lọ bá obìnrin yẹn."

"Mo ti lọ."

"Ó ní èmi ni mo pa á?"

"Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Ó ń ṣàánú mi ni."

"Kì í ṣàánú èèyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, Màámi. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Ó ní bí Raheemat bá lò ó, ó lè yè, ó sì lè má yè. Oníhóró máa ń dín in kù ni. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́."

Ó sunkún. Mo jẹ́ kó sun ún. Àwọn ọkọ̀ ń dẹsẹ̀ dúró, wọ́n ń bèèrè dòdò, mo ń juwọ́ sí wọn pé kò sí.

"Lo oníhóró yín," mo wí nígbà tó dákẹ́. Mo tún un sọ dáadáa. "Ẹ lo oníhóró yín, Màámi."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gbé e mì? Mo gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n wá máa gbé tèmi mì kí n lè pẹ́?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tó fi dà á síná.

"Ẹ máa gbé e mì, ẹ máa rántí rẹ̀," mo wí. "Mi ò mọ ọ̀nà míì. Mo ti sin ọ̀kan. Mi ò ní sin yín nítorí ohun tó ṣeé dín kù."

Ó wò mí títí. Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, tí mo gbé ọ̀kadà síta, ó ti wọ ìborùn rẹ̀, ó ti jókòó dè mí.

Ní ilé ìlera, nọ́ọ̀sì so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó bá a wí títí. Màámi gbà gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún un ní oníhóró. Ó ní kí n ra omi ọlọ́rá. Ó gbé e mì níwájú nọ́ọ̀sì, ó di ojú fún ìgbà díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Mo mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ṣì ń gbé Àǹtí Morónkẹ́ láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ egbò ẹsẹ̀ àwọn onítọ̀ ṣúgà ló ń kà báyìí, ó ní ìwé ibẹ̀ ò dáa tó. Alájà Sìlífátù ṣì ń ta àgbo. Kí ó tó bu fún ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń gba oògùn ọsibítù, á sì ní kó má fi sílẹ̀ nítorí tòun. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ó ní kí n dìde, kí n má sọ ọ́ di arúgbó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi di dòdò sínú ọ̀rá, ó ní kí n gbé e fún obìnrin Àpòmù, kí n bá òun dúpẹ́ pé orí ò fọ́ òun mọ́. Àǹtí gba dòdò náà, ó jẹ ẹ́ níwájú mi, ata ta á lẹ́nu.

"Sọ fún Màámi pé ó dùn," ó wí. "Ọpẹ́ yẹn, kí wọ́n gbé e dúró ná. Orí tí kò fọ́ ò fi nǹkan kan hàn. Kí wọ́n ṣáà máa lò ó, kí wọ́n máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn."

Mo jíṣẹ́ bó ṣe rán mi. Màámi ń da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú epo.

"Obìnrin yìí le o," ó wí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ya oníhóró tọjọ́ yẹn, ó gbé e mì, ó padà sídìí iná.